Ṣílè Ọlọ́pẹ Tí Ọkọ́ Bù Jẹ

Owó àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi fi sí mi lọ́wọ́ ni mo bà jẹ́. Ọ́nínì kan ni, owó wẹ́wẹ́ ayé òyìnbó tó ní ihò láàárín, tí ilẹ̀ ti sọ di dúdú. Ọ̀gá ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Nínú ilé tí a ti tọ́ mi, ìtọ́jú kò ju fífọ̀ lọ. Mo bu eérú, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo sì fi kànrìnkàn gbo ó títí ó fi ń kọ mànà. Nígbà tí ọ̀gá dé, kò bú mi. Ó gbé owó náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Ọmọ yìí, ìwé ni mo fún ọ pé kí o bá mi pa mọ́. O ti pa gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ rẹ́."

Alágbẹ̀dẹ wúrà ni ọ̀gá mi, ará Iléṣà tí owó kòkó fà wá sí Òdòde-Ìdànrè. Àwọn ènìyàn máa ń kó ṣílè fàdákà wá fún un pé kó yọ́ ọ di yẹtí àti ẹ̀gbà ọwọ́. Òun ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé àwọn kan wà nínú wọn tí kò yẹ kí iná rí. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún, èyíinì ni ríra àti títa owó àtijọ́ fún àwọn tó ń kó o jọ. Ó kọ́ mi pé àwọ̀ dúdú tí ọdún fi ń bo owó, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní àwọ̀ ìgbà, ni ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni kò tí ì fi ọwọ́ pa á lára. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ ti bó awọ lára rẹ̀ nìyẹn, bó ti wù kó dán tó.

Ní ọdún tó kọjá, ní ọjọ́ Ajé kan, Màmá Bọ̀dé wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì jẹ́ ìyá ìjọ nínú ìjọ Aládùúrà kan ní Aládé. Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé a máa ra kòkó, ó sì gbẹ́ ihò róbótó-róbótó sínú pátákó kan, ó ń to ṣílè fàdákà sí i, ẹyọ kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ihò ló ti kún àfi ẹyọ kan. Ti ọdún tí ìjọba dẹ́kun fífi fàdákà rọ owó ni, tí idẹ gba ipò rẹ̀. Ti idẹ pọ̀ bí iyanrìn. Ti fàdákà ọdún náà ni ojú ń pọ́n gbogbo wa láti rí.

"Bàbá Kẹ́hìndé," ó ní, "Sátidé ni ọmọ mi ń bọ̀ wá mú mi lọ sí Àkúrẹ́. Ojú mi sì ń lọ, n kò ríran dáadáa mọ́. Mo fẹ́ kí pátákó yẹn pé kí n tó jáde nílé ọkọ mi."

"Èló ló wà lọ́wọ́ yín, Màmá?"

"Ogójì ẹgbẹ̀rún náírà. Ẹ má rẹ́rìn-ín."

"Èmi kò rẹ́rìn-ín, Màmá. Ẹkún ló ń gbọ̀n mí, owó yẹn kò tó ó rà."

Mo ránṣẹ́ káàkiri. Ní Ọjọ́bọ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣadé dé láti Ofosu. Ará Òkè-Ògùn ni òun àti ọkọ rẹ̀, wọ́n ń dá oko kòkó olóko ṣe. Níbi tí wọ́n ti ń tú ilẹ̀ ni ọkọ́ wọn ti kan ìkòkò owó, onílẹ̀ sì ti fún wọn ní ìdajì rẹ̀. Mo pe Màmá Bọ̀dé. Ṣadé tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì mi, ó sì to ṣílè mọ́kànlá lé e. Gbogbo wọn ń tàn yanran. Mo mú ọ̀kan, mo yí i padà lọ́wọ́.

"Ìyá mi, ṣé o fọ̀ wọ́n ni?"

"Ha, Bàbá! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi fọ̀ wọ́n. Ṣé n ó wá gbé ẹrẹ̀ síwájú àgbà ni?"

Ẹ̀kọ́ ilé kan náà tó ba ọ́nínì ọ̀gá mi jẹ́ ni. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ọdún tí à ń wá gan-an, ṣùgbọ́n adé orí ọba òyìnbó tó wà lára rẹ̀ ti dán bọ̀rọ́ bí òkúta odò. Ibi tó ga jù lójú owó ni adé yẹn, ibẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ máa ń wò. Màmá Bọ̀dé kò rí ju dídán lọ. "Òun nìyẹn!" Ó ti ki ọwọ́ bọ àpò. Mo di ọwọ́ náà mú.

"Ẹ ní sùúrù, Màmá."

"Sùúrù títí Sátidé?"

Mo yíjú sí Ṣadé. "Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?"

Ó wolẹ̀, ó ń fọwọ́ pa kókó etí ìró rẹ̀. "Ó ku ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ó ń tini lójú. Ọkọ́ ti bù ú jẹ létí. Mo ní kí ni mo tún ń fọ ìyẹn fún?"

Ó tú kókó náà. Owó kan tó dúdú bí èédú bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n wúrà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Mo gbé awò sójú. Ìlà adé pé, ènìyàn lè ka imọ̀ orí igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọdún rẹ̀ sì ni ọdún wa. Ibi tí ọkọ́ bù jẹ kò ju hóró ìrẹsì lọ.

"Ẹ mú un lọ́fẹ̀ẹ́, Bàbá," Ṣadé ní, "kí ẹ ṣáà ra àwọn tó mọ́."

Màmá Bọ̀dé tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo mọ ohun tí ẹsẹ̀ náà ń sọ, n kò sì ní purọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn létí mi fún ìgbà díẹ̀.

"Ìyá mi," mo ní, "èyí tí o fi pamọ́ yìí ju mọ́kànlá ìyókù lọ. Bí kì í bá ṣe ti ọkọ́ ni, agbára Màmá yìí kò lè ká a. Pẹ̀lú ọgbẹ́ rẹ̀, ó tó ogójì ẹgbẹ̀rún dáadáa. Bí o bá sì gbé e dé Àkúrẹ́, o lè rí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀."

Ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ mi. Ṣadé wo àgbàlagbà náà. "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Màmá Bọ̀dé yọ pátákó jáde nínú báàgì rẹ̀, ó sì gbé e lé Ṣadé lórí itan. Ṣadé fi ìka kan ihò tó ṣófo.

"Ogójì náà tó," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ ó fi àdúrà lé e."

"Àdúrà kẹ̀? Ìwọ jókòó dáadáa. Ìwọ fúnra rẹ lo máa bẹ̀ mí pé kí n tètè ṣe àmín."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Nígbà tí Ṣadé lọ tán, mo fi owó náà sínú ihò rẹ̀, mo sì yí ọgbẹ́ náà sísàlẹ̀ kó má baà hàn. Màmá Bọ̀dé fi ìka yí i ká, ó tún yí i ká.

"Ibi tí ọkọ́ ti bù ú jẹ dà?"

"Mo ti yí i sísàlẹ̀, Màmá, kó lè gún."

"Ẹ yí i sókè. Bí ojú mi bá lọ tán, ibẹ̀ ni ìka mi yóò fi dá a mọ̀."

Mo yí i sókè.