Apá Òsì Hẹ́ẹ̀dìfóònù Mi

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbéra láti Ọ̀fàtẹ̀dó lọ bá ọkùnrin tó ń ta hẹ́ẹ̀dìfóònù ní Ìgbọ̀nà jà. Ìjà ni mo pè é, kì í ṣe ọjà. Títí di òní, bí mo bá rántí, orí mi a máa gbóná, àmọ́ ọkùnrin yẹn kọ́ ni mò ń bínú sí mọ́.

Ìgbà náà ni gbogbo ènìyàn ń sọ pé bí ọdún ẹgbẹ̀rún méjì bá ti wọlé, gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ni yóò daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá mi níbi tí a ti ń bá èèyàn tẹ ìwé ní Òṣogbo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, ó ra tuntun, ó sì gbé ògbólógbòó fún mi. Ọ̀kadà ni mo fi gbé e délé. Géèmù kan wà nínú rẹ̀ tí ṣọ́jà kan ń rìn kiri nínú ilé àwókù, tí àwọn ọ̀tá ń yọ sí i láti kọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn géèmù yẹn ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, gbogbo ìgbà tí ìbọn bá sì ti dún ni ọmọ ń ta gìrì. Ìyàwó mi ní kí n yáa ra hẹ́ẹ̀dìfóònù, nǹkan tí wọ́n ń dé bo etí gbọ́ ohùn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òun á gbé kọ̀ǹpútà náà fún àwọn tó ń ra irin.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ń fún mi létí bí ẹ̀mú. Mi ò tíì ṣeré fún wákàtí kan tí fóòmù rẹ̀ ti ń bó. Ìyẹn kò tiẹ̀ dùn mí tó pé apá òsì rẹ̀ kò dún rárá. Mo dá a padà. Ọkùnrin náà ki okùn rẹ̀ bọ rédíò, ó fi apá kan sí etí ọ̀tún rẹ̀, ó yí i, ó fi apá kejì sí etí ọ̀tún kan náà. Bí gbogbo àwọn tó ń tà á ṣe ń dán an wò nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, méjèèjì ń dún."

Mo ní irọ́ ni. Ó pàrọ̀ rẹ̀ fún mi. Èyí tó pàrọ̀ wúwo débi pé ọrùn ń ro mí, apá òsì sì tún dákẹ́. Mo tún padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fara balẹ̀ yan ojúlówó. Tìmùtìmù rẹ̀ rọ̀, ó bo etí dáadáa, èèyàn lè gbàgbé pé nǹkan wà lórí òun. Kí n tó sanwó, èmi náà dán an wò bí òǹtajà náà ti ṣe, mo fi apá méjèèjì kan etí ọ̀tún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn rẹ̀ dùn kedere, ìlù yàtọ̀, gìtá yàtọ̀. Mo délé, mo dé e sórí, apá òsì dákẹ́ lọ gbári. Àwọn ọ̀tá ń ti òsì yìnbọn pa ṣọ́jà mi, mi ò gbúròó ẹsẹ̀ wọn.

Inú bí mi gan-an. Nígbà tí mo dé Ìgbọ̀nà, mo pe ọkùnrin náà ní olè lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Kò bú mi padà. Ó ní kí n jókòó, ó ki okùn rẹ̀ bọ rédíò, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dé nǹkan náà sí mi lórí.

"Ibo lẹ ti ń gbọ́ ọ?"

"Ọ̀tún nìkan! Ṣé mi ò ti sọ?"

Ó ṣí i, ó yí i padà, apá òsì wá bọ́ sí ọ̀tún. "Báyìí ńkọ́?"

"Ọ̀tún nìkan."

Ó rọra gbé e kúrò lórí mi. "Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n. Etí yín ni."

Ìtìjú kò jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ níjọ́ náà, mo yáa wọ mọ́tò padà sílé. Nínú mọ́tò ni mo ti rántí. Bàbá mi ni ọ̀gá ilé-ìwé tí mo lọ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Kì í lo pàṣán, ìfọ́tí ni tirẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń gbé sókè, iwájú èèyàn ló sì máa ń dúró sí, nítorí náà òsì ni í máa ń bà. Ọdún kan wà tí etí òsì mi ṣọyún, tí ìyá mi ń kán òróró lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó gbé mi lọ sọ́sípítù.

Nígbà tó di Sátidé, mo lọ bá àwọn òbí mi ní Iléṣà. Ìyá mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà: "Ọmọ mi, ulé ńkọ́? Ìkókó ńkọ́?" Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ibẹ̀ náà ni mo sì ti sọ ọ́.

"Ẹ ti fi ìfọ́tí ba etí mi jẹ́, sà."

"Urọ́!" ni bàbá mi wí. "Gbogbo ọmọ tí mo fọ́ létí ló dèèyàn."

"Èmi náà dèèyàn, sà. Etí kan ni mò ń lò."

Ìyá mi ní kí n dìde, kí n jókòó ti bàbá mi lórí àga gígùn. A jókòó pẹ́, mo ń wo ilẹ̀, inú ń bí mi. Nígbà tó ṣe, bàbá mi dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìyá mi ń fi etí ìró nu ojú.

"O ò dá a lóhùn?" ni ìyá mi wí. "Bàbá rẹ ní kí o dárí ji òun."

Apá òsì mi ni bàbá mi jókòó sí. Mo sáré bá a lẹ́yìnkùlé, mo na etí ọ̀tún sí i. "Bàbá, mi ò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Mo ti sọ ọ́."

A ti sin bàbá mi báyìí. Kò tún un sọ.