Ọjọ́ tí Dókítà Ọ̀la Kọ̀ láti Bá Àgbà Jiyàn

Kò tíì sí yunifásítì kankan tó gbà á tí gbogbo ilé ti ń pè é ní Dókítà Ọ̀la. Òun alára ló fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀, ni orúkọ bá mọ́ ọn lára bí ọ̀rá ẹ̀rọ ṣe mọ́ ọn léèékánná. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ló ń tún ṣe. Tó bá ti fọwọ́ tán, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa wá ọ̀jọ̀gbọ́n tí owó ìwádìí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí òun lè gboyè ọ̀mọ̀wé láìfi owó ara òun sí i.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Kó tó dé orí ọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà, á ti kí ọ̀jọ̀gbọ́n, á kí aya, á kí ọmọ. Ẹnì kan dá a lóhùn pé òun ò láya, òun ò sì lówó ìwádìí. Inú rẹ̀ dùn pé ẹni yẹn tiẹ̀ ka lẹ́tà náà.

Nígbà tó yá, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń ṣèwádìí lórí ẹ̀rọ omi tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ ní òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Àyè ẹyọ kan ló wà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí Dókítà Ọ̀la yóò ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà kí ọdún tó yí po. Bí eléyìí bá bọ́, ó parí nìyẹn. Ẹ̀rù bà á débi pé ó wọ kóòtù àti táì lé ṣòkòtò tó fi ń sùn.

"Ṣé o ka iṣẹ́ tí mo kọ?" ni ọ̀jọ̀gbọ́n bi í.

"Mo kà á, mà. Mo tún un kà."

"Kí lo rí níbẹ̀ tí kò tọ̀nà?"

Ó rí i kẹ̀. Ó ti rò ó fún ìyá rẹ̀ lálẹ́ àná títí ọbẹ̀ fi tutù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣírò bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe pẹ́ tó bí ẹni pé omi tó mọ́ gaara nìkan ni yóò máa fà. Iyanrìn kò sí nínú ìṣirò náà, bẹ́ẹ̀ iyanrìn ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé wá bá a. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá rẹ̀ yìí kan náà ló fi ọ̀rọ̀ yẹn tọ́ ọ dàgbà.

"Kò sí o, mà. Gbogbo rẹ̀ ló pé. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ."

Nínú ọkàn rẹ̀ ló ti ń bú ara rẹ̀: òpònú, iyanrìn ńkọ́? Ojú ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní òun dúpẹ́, ó sì na ọwọ́ láti pa kọ̀ǹpútà.

"Irọ́ ni!" Ìyá rẹ̀ ló ké láti ilé ìdáná. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí ìwọ lo ní wọ́n gbàgbé iyanrìn?"

Ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n dúró. "Ta nìyẹn? Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ."

Dókítà Ọ̀la wo iwájú, ó wẹ̀yìn. Àgbà kan níwájú, àgbà kan lẹ́yìn. Bó bá sẹ́, ó ti pe ìyá tó bí i lọ́mọ ní òpùrọ́ nìyẹn.

"Ìyá mi ni, mà. Wọ́n... wọ́n ní ẹ gbàgbé iyanrìn."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹ́yọ nìyẹn. Ó ṣàlàyé, ó sáré dìde lọ gbé irin tí iyanrìn ti jẹ wá, ó sì gbàgbé ohun tó wà nídìí òun pátápátá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ ló ní kò sí àṣìṣe níbẹ̀," ló wí. "Ẹni tó máa bá mi jiyàn ni mo ń wá. Ìgbà wo lo lè bẹ̀rẹ̀?"

Dókítà Ọ̀la yíjú sí ilé ìdáná, ó ń dúró kí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ dáhùn.