Ohun Tó Ń Mu Omi Wa ní Garki

Ẹni tí kò bá tíì bá ìyá ìyàwó rẹ̀ gbé inú ilé tí omi ẹ̀rọ ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú, kó má sọ fún mi pé òun mọ ohun tí ń jẹ́ ìbẹ̀rù.

Nígbà náà, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ṣì ń kó bọ̀ láti Èkó ni. Wọ́n fún wa ní ilé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Garki. Igbó ni ẹ̀yìnkùlé wa, kò sì sí ẹni tó lè sọ ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé. Ibẹ̀ ni a bí àkọ́bí wa sí, ibẹ̀ náà sì ni Màmá, ìyá ìyàwó mi, ti Ọ̀yọ́ wá bá wa láti máa wẹ ọmọ.

Orí roboto ni ẹ̀rọ omi ilé ìdáná wa ní. Tipátipá ló fi ń yí. Làkúrègbé wà lọ́wọ́ Màmá. Bí wọ́n bá ń yí i, ẹ ó rò pé àwọn gan-an ló ń rọbí. Ìyàwó mi náà kò gbọdọ̀ máa gbé korobá omi dà sínú dúrọ́ọ̀mù. Ni wọ́n bá rán mi lọ sọ́jà láti ra ẹ̀rọ mìíràn.

"Ọlọ́wọ́ gígùn ni kó o rà," Màmá wí, "èyí tí mo lè fi ìgúnpá gbé sókè."

"Kó sì ní rọ́bà tó máa dé inú dúrọ́ọ̀mù," ìyàwó mi fi kún un. "Ẹ má lọ ra èyí tó kàn ń dán o. Mo mọ̀ yín."

Alhaji ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ló ń ta á. "Sànnu, ọ̀gá!" ló fi kí mi. Ó gbé méjì sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ní ọwọ́ gígùn, àwọn méjèèjì ní ẹnu tó ṣeé fà jáde pẹ̀lú rọ́bà, tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí ajere. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ní ohun kan lọ́rùn tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí omi tó jáde. Bó bá ti fi í sílẹ̀, omi dá. Èkejì ń ṣàn fúnra rẹ̀.

"Èyí tó ń dá ṣàn, ẹ lè jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù kí ẹ lọ sùn," Alhaji wí.

"Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ńkọ́?"

"Ti àwọn tí omi wọn kì í lọ nìyẹn. Àbí òyìnbó ni yín?"

Èmi tí mo dúdú bí ìdí ìkòkò! Mo ra èyí tó ń dá ṣàn.

A gbádùn rẹ̀. A ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, a ó ju rọ́bà sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, omi á wọlé láìjí ọmọ. Bí dúrọ́ọ̀mù bá kún, Màmá á fi álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí lè rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí omi bá lọ, a kì í ti ẹ̀rọ. Ta ló ń ti ẹ̀rọ ní Garki? Ṣíṣí ni gbogbo ilé ń fi í sílẹ̀, kí omi má baà dé kó má bá wa nílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dúrọ́ọ̀mù tó kún láàárọ̀ ti dín dé ìdajì.

"Ta ló bu omi?" Màmá béèrè.

Kò sẹ́ni tó bu ú. Ilẹ̀ gbẹ táútáú. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyàwó mi gbọ́ ohun kan tó ń gbé omi náà mì: gò, gò, gò, bí ọ̀fun àgbàlagbà. Ó gbá ọmọ mọ́ àyà, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà láìwo ẹ̀yìn.

"Bóyá oòrùn ló ń fà á," mo wí.

"Oòrùn wo ló ń wọ ilé ìdáná?" Màmá wò mí látòkè délẹ̀. "Wọ́n kó àwọn onílẹ̀ lọ kí wọ́n tó kọ́lé yìí. Ṣé wọ́n kó òùngbẹ àwọn òkú wọn lọ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ mu omi, mo ń kọrin kí n tó wọ ilé ìdáná.

Màmá di ẹrù. "Bó bá di Jímọ̀, èmi, ọmọ mi àti ọmọ rẹ̀ ń lọ sí Ọ̀yọ́. Ìwọ bá a gbé, kí ẹ jọ máa mu ún."

Ìyàwó mi fa àpò jáde. Ó ń ká aṣọ ọmọ. Ohun tó dá jìnnìjìnnì sí mi lára nìyẹn. Mo mọ ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ wa tí ìyàwó rẹ̀ lọ sílé "fún ìgbà díẹ̀". Ọmọ rẹ̀ ti ń rìn, kò tíì mọ ojú bàbá.

Ní Jímọ̀, ẹrù ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Gbogbo wa fò sókè. Aya awakọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ni. Ó mú ife omi lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti ranko.

"Màmá, ẹ gbà mí. Bí omi bá ti lọ ní gbogbo àdúgbò, ìgbà náà ni tiwa ń ṣàn. Mo ti rò pé àdúrà mi ló gbà. Ṣùgbọ́n ó ń kan lẹ́nu. Ọkọ mi ní ká kó jáde."

Màmá fi ahọ́n kàn án. Wọ́n tún fi kàn án.

"Álọ́ọ̀mù mi nìyí!"

Ìgbà náà ló tó yé mi. Bí awakọ̀ ṣe ń fi rọ́bà fa bẹntiróòlù látinú táǹkì ni páìpù tó ti gbẹ ń fi rọ́bà wa fa omi sọ̀ kalẹ̀ fún obìnrin yìí.

"Ìyá ìsàlẹ̀, ẹ̀yin lẹ̀ ń mu omi wa!" Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rín in.

"Ọ̀rọ̀ ìwé nìyẹn," Màmá wí. "Jẹ́ ká lọ sọ́jà. Bó bá tún mu omi, a lọ."

Màmá gba èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́wọ́ Alhaji, wọ́n fi ìgúnpá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, wọ́n fi ẹnu sí ìdí rọ́bà, wọ́n fẹ́ ẹ láìtẹ ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀. Kò lọ. Wọ́n fà á. Kò bọ̀.

"Kai! Ìyá, fèrè kọ́ o!" Alhaji pariwo.

"Kò lè mí," Màmá dá a lóhùn. "Èyí tí kò lè mí kò lè mu omi."

A rà á, a sì fi í rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ lọ́sàn-án náà. Omi dé, a tẹ̀ ẹ́ títí dúrọ́ọ̀mù fi kún, a fi í sílẹ̀, omi lọ. Màmá fi rọ́bà sílẹ̀ nínú omi, wọ́n gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, wọ́n jókòó. Mo dúró ti dúrọ́ọ̀mù, mo ń fi ìka wọn omi. Bó bá dín ní ìka kan péré, mo ti di àpọ́n. Mo tẹ́tí, tẹ́tí, títí obìnrin ìsàlẹ̀ fi kígbe láti ojú fèrèsé: "Tiwa kò ṣàn o!" N kò tíì yọ̀ bẹ́ẹ̀ rí pé aládùúgbò mi kò rí omi.

"Kí lò ń wò bí ẹni ń ṣọ́ òkú?" Màmá bi mí. "Gba ọmọ rẹ."

Mo gbà á. Màmá lọ gbé ẹrù wọn lẹ́nu ọ̀nà padà sínú yàrá.