Wọ̀límọ̀tù Uncle Làtíìfù àti Àpótí Mi Oníná Ewé

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí lẹ́nu tèmi, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu Aunty Kúbúrá, torí tiwọn ti ní ata àti iyọ̀ nínú.

Ẹ mọ Uncle Làtíìfù? Tí ẹ bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti New Cross wá sí Peckham nílùú òyìnbó níbí rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n wà á. Ọmọ Ìwó ni wọ́n, Aylesbury Estate ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n sá kúrò nílé kéwú lọ gbá bọ́ọ̀lù, wọn ò padà síbẹ̀ mọ́. Ìyá wọn wá gbé wàláà wọn, pátákó tí wọ́n fi ń kọ́ kéwú, kọ́ sára ògiri. Wọ́n ní kò ní kúrò níbẹ̀ títí ẹni tó ni ín á fi ka Àlùkùránì parí. Kò kúrò níbẹ̀ lóòótọ́. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta!

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Uncle wá jókòó sáàárín àwọn ọmọ ọdún méje ní mọ́ṣáláṣí wa, tàwọn ti yúnifọ́ọ̀mù bọ́ọ̀sì lọ́rùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti alífù. Àwọn ọmọ á ní, "Uncle, it's not like that." Uncle á ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi."

Sátidé tó kọjá ni wọ̀límọ̀tù wọn, ayẹyẹ àkàparí. Ìyá wọn tó wà ní Ìwó ti tó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ọkọ̀ òfuurufú ò ṣeé wọ̀ fún wọn mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni Uncle bẹ èmi tí mò ń mójú tó kámẹ́rà mọ́ṣáláṣí.

"Waris, kí Màámi ṣáà rí mi bí mo ṣe ń kà á. Kì í ṣe fídíò tí wọ́n á wò lọ́la o. Ṣé kí n kàn fi WhatsApp pè wọ́n ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ wò mí, èmi tí YouTube kọ́ ní gbogbo iṣẹ́. Mo ní, "WhatsApp kẹ̀? Uncle, proper broadcast lẹ máa gbà, I swear."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra encoder ni. Àpótí dúdú kékeré kan ni, kò ju páálí ìṣáná méjì lọ. Á gba àwòrán lọ́wọ́ kámẹ́rà, á fún un pọ̀ bí ẹni ń fún ẹrù mọ́ inú báàgì kílò mẹ́tàlélógún, á sì máa fi ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀nà bá já geere, iná rẹ̀ á tan àwọ̀ ewé. Bí ẹrù bá há, á pọ́n. Lọ́jọ́bọ̀ tí mo dán an wò, ewé ni! Mo jó yíká gbọ̀ngàn. Kò sì sẹ́ni tó rí mi, torí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ẹ rántí ìyẹn.

Inú mi dùn débi pé mo tẹ ogójì ìwé aláwọ̀ òféfèé, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ gbogbo ògiri: "Ẹ WÒ WÁ LIVE", ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi wà nísàlẹ̀ gàdàgbà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ o. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́.

Sátidé dé, gbọ̀ngàn kún. Aunty Kúbúrá, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù irun ní Rye Lane, wà ní ìlà kejì, wọ́n ń wo ara wọn lórí fóònù.

"Waris! Kí ló dé? Mo ti jókòó, èmi inú fóònù ṣì ń wá àga!"

"Aunty, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo iwájú yín."

"Mi ò rí iwájú, ọ̀gbẹ́ni yìí ga jù. Ibí ni mo ti ń rí i."

Ó kan Uncle Làtíìfù. Wọ́n gbé wàláà tuntun lé orúnkún, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Fóònù mi gbọ̀n: Yusrah, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó jókòó ti Màmá ní Ìwó. "Brother Waris, àwòrán ti dúró o. Uncle lanu, wọn ò pa á dé mọ́. Màmá ní ṣé bí àwọn á ṣe máa wò ó nìyí?"

Mo wo àpótí mi. Ó ti pọ́n bí ata rodo.

Mo gbójú sókè. Gbogbo ọwọ́ ló gbé fóònù. Ẹni tí kò wo live ń fi fídíò pe Ìbàdàn, ẹni tí kò pe Ìbàdàn ń pe Dublin, gbogbo wọn sì wà lórí Wi-Fi tí èmi fúnra mi pín bí sàárà. Ọ̀nà tí ẹrù Uncle ì bá gbà ni wọ́n ti dí pa.

Uncle rí ojú mi, wọ́n dákẹ́. "Àlùfáà, ẹ forí jì mí. Màámi ò tíì rí mi."

Àlùfáà ní, "Ẹni tó dúró fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, ìṣẹ́jú márùn-ún ò lè pa á. Waris, sáré!"

Mo sáré dé ibi kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì wà. Wáyà àkọ́kọ́ tí mo fà yọ, ti gbohùngbohùn ni. Mo dá a padà. Mo wá rí bọ́tìnì Wi-Fi lára ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ẹ́ pa. Wáyà ni encoder tèmi ń lò, kò kàn án. Igbe ta nínú gbọ̀ngàn bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ ní ilé.

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn, "Waris, o gé ẹ̀gbọ́n mi mọ́ mi lẹ́nu!"

Àwọ̀ ewé. Mo ju ọwọ́ sókè, Uncle bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kà á parí, gbogbo ilé ké Alláhù Akbar, fóònù mi dákẹ́. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú ni àwòrán fi ń rìn dé Ìwó. Kò sí ohun tó gùn tó o láyé yìí. Ó wá gbọ̀n. Mo gbé ohùn Màmá sí gbohùngbohùn:

"Làtíìfù! Mo rí ọ. O yára jù níbi tó gbẹ̀yìn yẹn, bí ẹni tí bọ́ọ̀lù ń dúró dè. Yusrah, gbé àga wá. Bá mi sọ wàláà yẹn kalẹ̀."

Uncle fi aṣọ bojú.

Mo ti gbé fídíò tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ gbà sílẹ̀ sórí ojúewé mọ́ṣáláṣí wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì o. Tí ẹ bá rò pé mò ń bù mọ́ ọn, ẹ lọ wò ó fúnra yín. Kété lẹ́yìn tí Uncle kọ́kọ́ dákẹ́, ẹ máa rí ẹsẹ̀ méjì tó sáré kọjá níwájú kámẹ́rà, ìbọ̀sẹ̀ kan dúdú, èkejì búlúù. Ọ̀gá broadcast nìyẹn.