Òwú Tó Ń Já Lẹ́ẹ̀mejì

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni màmá kan fi jẹ́ ayẹṣọwò ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jókòó sídìí tábìlì gígùn lábẹ́ iná funfun, kó máa yí ọrùn aṣọ síwá sẹ́yìn, kó máa wá ibi tí abẹ́rẹ́ ti fò. Àwọn aránṣọ kọ́kọ́ ń pè é ní Ojú Abẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn orúkọ náà ju bó ti ń fi hàn lọ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí ọkọ rẹ̀ sì ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun àti ìyàwó òun. Wọ́n fún un ní yàrá kékeré tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ran òwú. Kì í tà á, ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ó kàn wù ú ni. Yóò rẹ ẹ̀gbọ̀n òwú nínú ìkòkò tó ti yà sọ́tọ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan yẹ́lò, yóò sá wọn títí wọn yóò fi gbẹ, yóò fa ìwọ̀nba nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò pò wọ́n mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọwọ́ ọ̀tún ta ìrànwú, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìdí rẹ̀ wúwo, tí yóò sì máa yí bí òkòtó. Bó ti ń yí ni ẹ̀gbọ̀n ń gùn, tó ń lọ́, tó ń di òwú. Kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ àwọ̀ tí yóò tún yọjú. Fún obìnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún mọ ohun tó yẹ kó jáde, adùn tó wà níbẹ̀ kò kéré.

Àfi bí òwú náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó kà á sí àsìṣe ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, bó ti ń tú òwú kúrò lára ìrànwú láti ká a sí bọ́ọ̀lù, ó já lẹ́ẹ̀mejì, àárín ibi méjèèjì kò sì gùn ju kí èèyàn na apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà. Lọ́jọ́rú ó tún já, ibi méjì. Ojú Abẹ́rẹ́ mọ̀ nígbà náà pé ọwọ́ kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

"Òwú ni, Màmá," ọmọ rẹ̀ wí nídìí oúnjẹ àárọ̀. "Òwú a máa já."

"Tèmi kì í já."

"Bóyá ẹ̀gbọ̀n yẹn ni kò dáa."

"Mo yẹ ẹ́ wò kí n tó rà á. Mo yẹ ẹni tó tà á náà wò."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó tètè dojú kọ abọ́ rẹ̀. Ojú Abẹ́rẹ́ rí ìyẹn.

Kì í ṣe òwú nìkan ló ń rò. Ní oṣù tó kọjá, ìyàwó yìí dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó wo yàrá náà yí ká, ó ní, "Màmá, ṣé ibí yìí ò há jù fún yín báyìí?" Ojú Abẹ́rẹ́ ní kò há. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn kò ti kúrò lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gba yàrá wọn. Ẹnu wọn ò gbà á láti sọ, ni wọ́n ṣe ń ba ohun kan ṣoṣo tó ń múnú rẹ̀ dùn jẹ́, kó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Ó ti pe àbúrò rẹ̀ ní ìlú kejì pé kó bá òun palẹ̀ yàrá kan mọ́. Àárọ̀ Sátidé ni yóò lọ. Kò tíì sọ fún ọmọ rẹ̀. Àpótí rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti dì í dé ìdajì.

Ṣùgbọ́n kò fẹ́ lọ láìní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú náà, ó mú gíláàsì kékeré tó fi ń yẹ aṣọ wò nígbà iṣẹ́, ó tẹ́ òwú tó já sórí páálí funfun lẹ́bàá fèrèsé. Ó ń wá ojú ibi tí sísọ́ọ̀sì gbà. Kò sí. Ibi tó já ṣe fúkẹ́fúkẹ́, bíi pé ó fẹ́ padà di ẹ̀gbọ̀n. Ó sún gíláàsì sí àárín ibi méjèèjì tó já, ó tẹjú mọ́ ọn. Òwú tirẹ̀ lọ́ sí apá ọ̀tún. Èyí tó wà láàárín lọ́ sí apá òsì. Níbi tí ọ̀tún ti pàdé òsì, ńṣe ni ọ̀kan ń tú èkejì, ibẹ̀ ló sì ń já. Ẹnì kan ń fi ọwọ́ òsì ran òwú lórí ìrànwú rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé náà ló ń fi òsì kọ̀wé.

Lójoojúmọ́, ní aago mẹ́rin, Ojú Abẹ́rẹ́ a máa rìn yí àdúgbò ká nítorí orúnkún rẹ̀. Àsìkò yẹn náà ni ìyàwó máa ń ti ọ́fíìsì omi dé, níbi tó ti ń jókòó sẹ́yìn gíláàsì, tí àwọn tí omi kò yọ nílé wọn ń pariwo mọ́ ọn láti àárọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé báàgì kalẹ̀ ni Ojú Abẹ́rẹ́ kígbe pé òun ń lọ o. Ó ṣí ilẹ̀kùn ìta, ó tì í gbàà, ó bọ́ bàtà, ó sì lọ dúró sẹ́yìn fíríìjì ní kíṣìnì, ó gbé bàtà náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ dún. Ó ka ení, èjì, títí dé ọgọ́rùn-ún, ó sì yọ́ lọ síbẹ̀.

Ìyàwó jókòó sórí àga kékeré pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ìrànwú ń yí lábẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tó ń ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n Ojú Abẹ́rẹ́ ti rí ọ̀pọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì tí ìta rẹ̀ dán, tí inú rẹ̀ kún fún kókó.

"Òsì lo fi ń ran án," ó wí.

Ìrànwú bọ́, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, mo rò pé ẹ ti jáde ni."

"Mo mọ̀ pé o rò bẹ́ẹ̀. Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ó ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má bínú, mà."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin náà ni. Mo máa ń wò yín láti pálọ̀."

"Kí ló dé tí o ò béèrè?"

Ìyàwó wolẹ̀. "Ìrẹsì tí mo kọ́kọ́ sè nígbà tí ẹ dé, ẹ tò ó sétí abọ́ ní hóró kọ̀ọ̀kan."

"Òkúta ni mo ń wá."

"Mélòó lẹ rí, mà?"

"Ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan yẹn lẹ fi ń hàn mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Màmá, ní ọ́fíìsì, àléébù mi ni wọ́n ń sọ fún mi láti àárọ̀. Tí mo bá fọwọ́ kan nǹkan yìí fún ogún ìṣẹ́jú, orí mi á fúyẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ ẹ́ wò ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ìrànwú. Ọwọ́ rẹ̀ ba àpótí. Ó fà á jáde díẹ̀, ó rí aṣọ tí wọ́n ká sínú rẹ̀.

"Níbo lẹ ń lọ, mà?"

"Ìwọ lo ní yàrá há."

"Agbọ̀n òwú yín ló jẹ́ kó há. Mo fẹ́ ní kí ẹ kó wọn bọ́ sí pálọ̀, kí n lè máa jókòó tì yín. Ẹ ní kò há, mo bá panu mọ́."

Ojú Abẹ́rẹ́ wò ó bí ẹni wo ọrùn aṣọ. Àlàyé náà dán jù fún un. Ó wá ìrànwú òfìfo kan nínú agbọ̀n, ó nà án sí i.

"Jókòó. Ran án lójú mi, láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ìyàwó fi òsì ta á, kò sì pẹ́ tó fi gbàgbé pé ẹnì kan ń wo òun. Pupa jáde, yẹ́lò tẹ̀lé e. Nígbà tó tó ìwọ̀n, Ojú Abẹ́rẹ́ gbà á lọ sídìí fèrèsé. Òsì ni gbogbo rẹ̀ lọ́ sí, kò sí ibi tó tú. Ó fà á, kò já. Ẹni tó bá fẹ́ ba òwú jẹ́, sísọ́ọ̀sì tó o, ìṣẹ́jú kan ni. Ta ni yóò jókòó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ẹ̀gbọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí nítorí àrankàn? Èyí ló gbà gbọ́, nítorí ojú rẹ̀ rí i. Ní ti ọ̀rọ̀ agbọ̀n àti pálọ̀, ó di ọjọ́ tó bá rí ìyàwó níbẹ̀ kó tó gbà á gbọ́.

Ó pe àbúrò rẹ̀ níṣojú ìyàwó. "Má retí mi ní Sátidé mọ́. Rárá, mi ò sọ pé mi ò ní wá. Ó di ìparí oṣù tó ń bọ̀. Mo ṣì ń yẹ nǹkan kan wò."

Ìyàwó ti gbé agbọ̀n kìn-ín-ní sọ́wọ́. Ojú Abẹ́rẹ́ padà sídìí gíláàsì rẹ̀, ó tún yẹ òwú náà wò láti orí dé ìdí. Ó rí àléébù mẹ́ta.

"Ibí yìí ki jù," ó wí.

"Ibẹ̀ nìkan ni, mà?"

"Ìyẹn ni mo sọ."