Kòsínílé àti Fèrèsé Yàrá Ìyẹ̀fun

Kò sí ẹni tí kò mọ Ìyá Oníbúrẹ́dì ní àdúgbò, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mọ̀. Ọwọ́ náà fẹ̀, ó le, àpá iná sì tò sí i láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá bí ìlà tí ọmọdé fi ẹfun fà. Bí ẹnì kan bá béèrè ohun tó ṣe é, á ní, "Ààrò ló ń kí mi." Láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ ni ó ti ń dúró níwájú ààrò náà. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí ọkọ náà kú, àwọn ènìyàn rò pé iná ààrò á bá a lọ. Iná kò kú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú, òórùn búrẹ́dì tún gba òpópónà kan, àwọn tó sì ti ń bá a sunkún jáde wá rà.

Yàtọ̀ sí ààrò, ọkọ rẹ̀ fi òfin kan àti akọ ológbò kan sílẹ̀ fún un.

Òfin náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ jọ ìyẹ̀fun nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Bí eruku ìyẹ̀fun bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tí kò rí ọ̀nà jáde, iná ààrò lè ràn án lójijì bí ìgbà tí a da epo sí i. Ọkọ rẹ̀ ti rí ilé búrẹ́dì tó jó bẹ́ẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, kò sì gbàgbé rẹ̀ títí ó fi kú. Nítorí náà, kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹkọ̀sọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ nawọ́ sókè, wọ́n á ṣí fèrèsé kékeré tó wà lókè àwọn àpò. Pòóki, ọkùnrin tó ti ń bá wọn po ìyẹ̀fun láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ti ṣe é títí tí ọwọ́ rẹ̀ kì í fi í béèrè lọ́wọ́ orí mọ́.

Ológbò náà ńkọ́? Kòsínílé ni wọ́n ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìgbàkígbà tí a bá wá a, kò sí nílé. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì kún bí ti ẹni tó ń fọn fèrè. Orí òrùlé onílé ni ó ń sùn, ẹ̀yìnkùlé onílé ni ó ti ń jà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á gba fèrèsé yẹn wọlé, á rìn lórí àwọn àpò ìyẹ̀fun láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò, eku tó bá sì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbàgbé ọ̀nà ihò.

Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé òun kò ní dìde mọ́ lórí ibùsùn, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá o. Ọ̀dá ológbò, tìmùtìmù ni. Àwọn eku á máa fi ṣe ìrọ̀rí."

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Mo gbọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó sì gbọ́ lóòótọ́.

Ohun tí olóògbé kò rí ni ẹni tó máa kó wá sí ilé ẹ̀yìn. Bàbá Ẹlẹ́yẹlé dé pẹ̀lú àwọn ẹyẹ rẹ̀, ó kan ilé fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó pààlà láàárín ilé méjèèjì, ó sì ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun. Kò pẹ́ tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì! Ẹ wá wo ohun tí ọmọ yín ṣe!"

"Ọmọ mi wo nìyẹn?"

"Èyí tó nírù!"

Ó yọrí lókè ògiri, ó sì gbé ìyẹ́ funfun kan sókè. Ẹ̀jẹ̀ wà ní ìdí ìyẹ́ náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ẹ rí i tó mú un?"

"Ṣé mo ní láti rí i ni? Ta ló ń ké lórí òrùlé mi bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀? Ta ló ń tọ̀ sára ilẹ̀kùn mi? Àbí èmi ni?"

"Èmi ò lè mọ̀ o, Bàbá. Ilẹ̀kùn tiyín ni."

Pòóki sáré bojú sínú àwo ìyẹ̀fun kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó funfun bí iwin.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni Bàbá Ẹlẹ́yẹlé wí. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kó jókòó sílé bí ológbò àwọn ọmọlúàbí. Bí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, lọ́jọ́ tí ẹ ò bá rí i mọ́, ẹ má bi mí léèrè."

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti ń yí. Kòsínílé kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú etí tó ya. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní ìjà akọ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ó wọlé tó ń tiro. Ìyá náà ní bóyá ó jábọ́ láti orí òrùlé. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó wọlé pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Okùn náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní àwọ̀ ewé, wọ́n ta á ní kókó tó ń fún bí a bá ti ń fà á, ológbò náà sì ti fi eyín já ìdí rẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì fi ọ̀bẹ búrẹ́dì gé e kúrò. Nígbà tó ju ìgé okùn náà sínú ààrò, ojú rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Irú okùn aláwọ̀ ewé bẹ́ẹ̀ ló so ilẹ̀kùn ilé àwọn ẹyẹlé.

Láti ìgbà náà, Bàbá Ẹlẹ́yẹlé kò pariwo mọ́. Èyí ló wá ń ba Ìyá Oníbúrẹ́dì lẹ́rù jù. Ọkùnrin náà á yọrí lókè ògiri, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Búrẹ́dì yín ń ta sánsán." Á sì padà sọ́dọ̀ àwọn ẹyẹ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹja dé.

Wọ́n gbé e sórí ògiri ní ìdájí, wọ́n tẹ́ ìwé pélébé sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ síwájú àlejò. Wọ́n ti la ikùn rẹ̀, wọ́n sì ti rọ nǹkan funfun kan sí i. Ìyá Oníbúrẹ́dì mọ ìyẹ̀fun. Èyí kì í ṣe ìyẹ̀fun. Kòsínílé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ èérún búrẹ́dì nínú wàrà títí ikùn rẹ̀ fi le, gòkè ògiri, ó gbóòórùn ẹja náà, ó sì kọjá lára rẹ̀ bí ọlọ́rọ̀ tó kọjá níwájú ìsọ̀ àkísà. Ìyá náà fi ọ̀pá ti ẹja náà sílẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sì bò ó mọ́lẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, òmíràn ti wà níbẹ̀.

Ó pe aládùúgbò rẹ̀.

"Eku ni mo fi ń dẹ, Ìyá," ni Bàbá Ẹlẹ́yẹlé dáhùn, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Àbí eku ò sí nílé tiyín?"

Apá tirẹ̀ lórí ògiri ló gbé e sí. Kí ni ènìyàn fẹ́ wí?

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó ti Pòóki.

"Bí mo bá ní kí wọ́n tẹ Kòsínílé lọ́dàá, kí lo rí sí i?"

"Màmá, bí ẹ bá bi mí, ohun tí Bàbá ilé yìí wí kí wọ́n tó kú labẹ gé."

"Bàbá ò rí ẹja yìí."

"Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá wá di ọ̀lẹ ńkọ́? Ta ni yóò máa lé eku?"

"Ìwọ."

"Èmi kẹ̀? Màmá, eku ló ń lé èmi."

Inú rẹ̀ kò dùn débi ẹ̀rín. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó gba ọ̀dọ̀ dókítà ẹran lọ. Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà náà. Òórùn ọṣẹ ló gba yàrá rẹ̀, tábìlì onírin kan sì wà láàárín tó ń dán bí àwo ọbẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Màmá, akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá ṣì ń pa eku," ni dókítà wí. "Ìrìnkèrindò àti ìjà ló máa dín kù. Ó kàn lè sanra díẹ̀ ni."

"Ṣé kò ní dùn ún?"

"Á sùn lọ fọnfọn. Ẹ gbé e wá lọ́la, tí ẹ bá ti yọ búrẹ́dì tán. Ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní nǹkan kan jẹ láti ìrọ̀lẹ́ òní o. Bí oúnjẹ bá wà níkùn rẹ̀, ó lè bì lójú oorun, kó sì há a lọ́fun."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó dúró níwájú ààrò tó ti ń tutù. "Ẹ má bínú," ni ó sọ fún ọkọ rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. "Ọ̀rọ̀ eku lẹ̀ ń rò. Ọ̀rọ̀ òkú ológbò lèmi ń rò." Ààrò náà ta pàù lẹ́ẹ̀kan, bí bíríkì ti máa ń ṣe bí ooru bá ń kúrò lára rẹ̀. Ó ya ara rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n dá lóhùn.

Ó gbé Kòsínílé sínú yàrá ìyẹ̀fun, ó ti fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn. Ológbò náà ké fún oúnjẹ rẹ̀. Kò tíì sí ìrọ̀lẹ́ kan rí tó ké tí wọn kò dá a lóhùn.

Kí Pòóki tó lọ sílé, ó pè é. "Lọ́la, bí o bá ti wọ yàrá ìyẹ̀fun, ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ lẹ́yìn. Má jẹ́ kó gba àárín ẹsẹ̀ rẹ jáde o."

"Màmá, eṣinṣin ò ní gba ibẹ̀ jáde."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Oníbúrẹ́dì kò lọ wo orí ògiri. Kí ló fẹ́ wò níbẹ̀? Ẹni tí wọ́n dẹ oúnjẹ fún wà nínú àhámọ́. Ó dá iná, ó ti búrẹ́dì àkọ́kọ́ sínú ààrò, ó sì gbọ́ tí Pòóki wọ yàrá ìyẹ̀fun, tó ti ilẹ̀kùn gbàgà mọ́ra rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Láìpẹ́, ó gbọ́ ìró kọ̀ǹkọ̀sọ̀, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, ìró tó ti ń gbọ́ láti ọjọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ. Ìgbà náà ni ó yíjú sí ilẹ̀kùn yàrá ìyẹ̀fun.

Bí kọ̀ǹkọ̀sọ̀ bá ń ró nínú ilé yìí, fèrèsé ti ṣí.

Ó ti ilẹ̀kùn pé kó ṣí, ilẹ̀kùn kò gbà. Àpò ìyẹ̀fun ni Pòóki fi tì í láti inú, kí nǹkan kan má baà yọ́ jáde. Ìgbà tó fi èjìká tì í ni ó tó ráyè wọlé. Pòóki kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń jọ ìyẹ̀fun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lókè orí rẹ̀, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ń gba inú eruku funfun wọlé.

"Kòsínílé dà?"

"Ó wà lórí àpò níbẹ̀ y—"

Pòóki wòkè.

"Ilẹ̀kùn lẹ sọ, Màmá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ilẹ̀kùn ni mo gbọ́."

"Ilẹ̀kùn ni mo sọ."

Kò lè bá a wí. Bó bá jẹ́ òun ló di kọ̀ǹkọ̀sọ̀ mú, òun náà á kọ́kọ́ nawọ́ sí fèrèsé, òun náà ò ní mọ̀ pé òun ṣe é.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí Ìyá Oníbúrẹ́dì dé ẹ̀yìnkùlé, ìwé pélébé náà wà lórí ògiri, afẹ́fẹ́ ń gbé etí rẹ̀ sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Àbàwọ́n omi ẹja wà lára rẹ̀. Kò sí ẹja. Ahọ́n ti lá orí ìwé náà mọ́.

Òun àti Pòóki pe Kòsínílé títí. Wọ́n wo abẹ́ pákó, wọ́n wo ìdí gọ́tà, Pòóki gun òrùlé. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ jóná nínú ààrò, kò sì sí ẹni tó yọ ọ́. Kòsínílé tìkára rẹ̀ ló wá sílé. Ó gba fèrèsé wọlé bó ti máa ń gbà á, ó gbé ẹsẹ̀ lé orí àpò àkọ́kọ́ láti yẹ iṣẹ́ wò, ẹsẹ̀ náà sì yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì, ó fi aṣọ bò ó, ó sì sáré. Bàbá Ẹlẹ́yẹlé dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹyẹlé kan wà léjìká rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

Ó sáré kọjá lọ.

Dókítà gbé ológbò náà sórí tábìlì tó ti tẹ́ sílẹ̀ dè é láti àárọ̀.

"Ìgbà wo ló jẹ májèlé náà?"

"Láàárọ̀ yìí. Inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ ní kí n má fún un ní nǹkan kan."

Ọwọ́ dókítà dúró díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fi aṣọ gbígbóná wé e, ó ń fi ìka méjì tẹ àyà rẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì di ẹsẹ̀ iwájú kan mú títí tí ẹsẹ̀ náà fi tutù lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ tí iná kì í bà lẹ́rù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Pòóki wọ yàrá ìyẹ̀fun. Ó nawọ́ sókè sí fèrèsé. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú, kò lè gòkè, kò lè sọ̀ kalẹ̀.

"Màmá..."

"Ṣí i," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí láti ẹnu ọ̀nà.

Ó ṣí i. Ó mú kọ̀ǹkọ̀sọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jọ̀. Nígbà tó dúró kí ó lè bu ìyẹ̀fun mìíràn, àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Ní ẹ̀yìn àwọn àpò, nísàlẹ̀ pátápátá, ohun kan ń họ. Ó họ, ó dákẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́tí bóyá ẹsẹ̀ kan ń bọ̀ lókè. Nígbà tí kò gbọ́ ẹsẹ̀ kankan, ó tún bẹ̀rẹ̀.