Kíkọ́ Ìyá Mi ní Oríkì Mi

Ìyá mi nìkan ló kù tó ń fi oríkì pè mí. Bàbá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwọn àgbà ilé bàbá mi sì ti fọ́n ká, a kì í rí ara wa àfi níbi òkú tàbí ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti Ìlọrin wálé sí Òsí, kí n tó sọ àpò kalẹ̀ ni ìyá mi yóò ti yọ sí ẹnu ọ̀nà. Yóò pe oríkì náà, yóò fà á gùn, yóò sì fi ti ìdílé bàbá mi lé e. Èmi yóò ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú eruku, orí mi á máa wú, tèmi tìwé tí mo kà. Mi ò ní kọ oríkì náà síhìn-ín, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Ọwọ́ ìparí àwọn ọdún 1980 ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Ìlọrin lábẹ́ ọ̀gá kan tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ti gbà lọ́kàn pátápátá. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá wa, a sì máa ń fi aṣọ bò ó nítorí eruku bí ẹni ń bo ọmọ tuntun. Ohun tí ọ̀gá mi ń wá kiri ni ìṣirò tó rọ̀, tí kì í dúró lórí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan, ìṣirò tó lè gbọ́ pé “ó gbóná díẹ̀” tàbí “ó ń gbọ̀n ju ti àná lọ”, kó sì fi ṣe nǹkan tó wúlò. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi fún ìlú la fi ń dán an wò. A ó wo bí ẹ̀rọ ṣe ń gbóná, bó ṣe ń gbọ̀n, bí omi tó ń tì jáde ṣe pọ̀ sí, a ó kó gbogbo rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, kó lè sọ èyí tó fẹ́ bàjẹ́ fún wa kó tó bàjẹ́.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ rọrùn láti sọ. A kì í fún un ní òfin kankan. Àpẹẹrẹ la máa ń fi hàn án: ẹ̀rọ yìí dára, ẹ̀rọ yìí ti ń bàjẹ́. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, òǹkà kéékèèké ló so kọ́ra wọn. Yóò méfò. Bó bá ṣì í, a ó jẹ́ kó mọ bó ṣe jìnnà sí òótọ́ tó, àwọn òǹkà náà yóò sì sún díẹ̀. A ó tún fi òmíràn hàn án, yóò tún ṣì í, yóò tún sún. Ẹni tí kò ní sùúrù kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà kò sì ní sùúrù, gbogbo ilé wa ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà náà yóò kọ́ ẹ̀kọ́ tán kí èmi tó kọ́ bí a ti ń ní sùúrù.

Ibi tí ìyá mi ti ń ṣa obì lóko, ní ọ̀nà Ìlọ́fà, ló ṣubú sí. Ẹ̀gbà ni. Ó mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fa ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì kó ọ̀rọ̀ lọ. Dókítà tí a gbé e lọ bá ní Òmù-Àrán sọ pé ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé nínú ọpọlọ ló fara gbá a. Ó ní díẹ̀ lè padà, pé ká má ṣe dákẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ká máa bá a sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù lẹ́nu ìyá mi nígbà tí a gbé e délé: “Bẹ́ẹ̀ náà.”

Ohun gbogbo di bẹ́ẹ̀ náà. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà. Ó fẹ́ kí wọ́n yí òun padà lórí ẹní, bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á wá kí i, wọ́n á ní, “Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wò yín sàn,” á ní bẹ́ẹ̀ náà, wọ́n á sì jáde síta, wọ́n á máa dúpẹ́ pé ara màmá ti ń yá, pé ó tilẹ̀ ń dáhùn dáadáa. Mo máa ń fẹ́ bú wọn, ẹ̀rín náà á sì tún máa pa mí. Ohun tó dùn mí jù ni orin. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ orin ìsìn níwájú rẹ̀, yóò gbà á lẹ́nu wọn, yóò kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ kan kò ní bọ́ sílẹ̀. Bí orin bá ti parí, kò lè sọ pé omi.

Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, kó kúrò ní Òkè-Òpin wá ń tọ́jú rẹ̀. Èmi ń wá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wálé lẹ́yìn tí a kúrò ní ilé ìwòsàn, mo sọ àpò kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀, mo sì dúró. Ìyá mi wò mí láti orí àga rẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ̀ mí, mo rí i kedere pé ó mọ̀ mí. Ẹnu rẹ̀ là, ó ń wá nǹkan kan, ó ń wá a títí omi fi dé ojú rẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ náà,” ló sọ. Níbẹ̀ ni mo ti pinnu pé ohun yòówù kó gbà, n óò gbọ́ oríkì mi lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó kú.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Mo gbé ṣíbí sókè, mo ní ṣíbí. Mo gbé iṣu sókè, mo ní iṣu. Nǹkan kan kò mọ́ ọn lẹ́nu. Ó kàn ń wojú mi bí ẹni tí àlejò ń bá sọ èdè ọ̀nà jíjìn. Àǹtí ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìdí ààrò.

“Yorùbá Ìlọrin ni ìwọ ń bá a sọ. Ta ní ń jẹ́ iṣu nínú ulé yìí? Uṣu ni kí o pè é.”

Mo pè é ní uṣu. Ìyá mi wo iṣu náà, ó wo ẹnu mi, ètè rẹ̀ ká jọ. “Uṣu,” ló wí. Mo fi iṣu náà sílẹ̀, mo sunkún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pa èdè ilé-ìwé tì sí Ìlọrin, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà níkọ̀ọ̀kan: uṣu, ulé, omi, ata, ẹní. Ó máa ń ṣì wọ́n pè. Ó lè pe ata ní omi, a ó tún un ṣe, yóò gbé orí mì, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo rí i bí ìmọ̀ ṣe ń sún díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Sùúrù tí mi ò ní fún kọ̀ǹpútà, mo ní in fún un.

Nígbà tó ku oríkì mi, ọ̀ràn dé. Àwọn nǹkan yòókù, mo lè nàka sí wọn kí n pè wọ́n. Báwo ni mo ṣe máa nàka sí àyà ara mi kí n wá máa ki ara mi? Ẹnu mi kò gbà á. Lọ́dọ̀ wa, ẹlòmíràn ló ń ki ènìyàn. Bí a bá rí ẹni tó jókòó tó ń ki ara rẹ̀, a ó ní kí wọ́n wá ẹbí rẹ̀ kàn. Nítorí náà, bí mo ṣe máa ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo kúnlẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn, mo sì pe oríkì náà bí òun ṣe máa ń pè é gan-an, mo fà á gùn, mo fi ti ìdílé bàbá mi lé e. Lójú tèmi, mo ń fún un ní ọ̀rọ̀ náà kí ó lè fún mi padà ni.

Ó pẹ́ kí ó tó mú nǹkan jáde. Àfi lọ́jọ́ Sátidé kan, mo pè é tán, ojú ìyá mi mọ́lẹ̀, ó ní, “Òo.” Àǹtí ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó jó. Mo gbà pé ìbẹ̀rẹ̀ ni, pé ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ èmi àti òun, pé odindi rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo pè é títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ó sì ń dá mi lóhùn pẹ̀lú ayọ̀ ní gbogbo ìgbà. Mo kọrin nínú ọkọ̀ padà sí Ìlọrin.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹ̀rọ omi kó wa láyà jẹ. A gbé kọ̀ǹpútà wa síwájú àwọn ẹ̀rọ tuntun tí kò tíì rí rí, ó sì ní gbogbo wọn ló fẹ́ bàjẹ́, títí kan èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí. A wá ìdí rẹ̀ kiri kí a tó rí i. Ìgbà ọyẹ́ la wọn gbogbo àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn tí a fi kọ́ ọ. Àwọn tó dára, ìgbà òjò la wọ̀n wọ́n. Ọyẹ́ ni kọ̀ǹpútà kọ́, kò kọ́ àìsàn ẹ̀rọ rárá. Nígbà tí ọyẹ́ sì tún dé, kí ló tún kù fún un láti sọ? Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì rẹ̀ láti nu ojú. “Ohun tí a fi hàn án ló kọ́,” ló wí. “Kò mọ ohun tó wà lọ́kàn wa.” Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo wà lẹ́yìnkùlé, mo ń fọ abọ́. Àǹtí ti gbọ́ oríkì mi títí, ó ti mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì ti ń fi bá mi ṣeré. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó fi pè mí pé kí n gbé igbá wá. Kí n tó dáhùn, ohùn kan jáde láti inú pálọ̀.

“Òo.”

A sáré wọlé. Ìyá mi ti di igi àga mú pẹ̀lú ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́, ó ń gbìyànjú láti dìde. Wọ́n ń pè é, ó sì ń bọ̀.

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, “Yèyé, ta ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?” mo sì pe oríkì náà. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi pẹ̀lú ẹnu tó wọ́ yẹn. Ó dá a lójú. Ta ni kì bá dá lójú? Mo ti ń kúnlẹ̀ fún un, mo ń wo ojú rẹ̀, mo ń kì í, Sátidé dé Sátidé. Ẹni tí wọ́n bá kì, ó yẹ kó dáhùn, òun náà sì dáhùn bí ọmọlúàbí.

Mo gbìyànjú láti yí i padà. Mo gbé ìtìjú tà, mo nàka sí àyà mi, mo ki ara mi. Ó dáhùn. Mo gbé fọ́tò mi wá, mo nàka sí i, mo pè é. Ó dáhùn. Lọ́jọ́ kan inú bí mi, mo jágbe mọ́ ọn pé, “Èmi ni! Èmi ni mò ń jẹ́ ẹ, Yèyé, ẹ̀yin kọ́!” Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ ohun tó ṣe. Àǹtí fà mí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Mọ́ fìyà jẹ ẹ́ mọ́,” ló wí. “Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Eléyìí ló rí jẹ́. Fi í sílẹ̀ fún un.”

Mo fi í sílẹ̀. Mi ò ní purọ́ pé inú mi dùn. Orúkọ mi ni mo fẹ́, mo fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ tí àyà mi ń dùn mí bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Òsí. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, èmi ni mo ń pè é báyìí. Èmi ni mò ń fà á gùn, tí mo ń fi ti ìdílé bàbá mi lé e, fún obìnrin tí kì í ṣe ọmọ ìdílé náà, àfi pé ó fẹ́ ọkọ níbẹ̀. Yóò nà tán lórí àga, yóò ní “Òo,” inú rẹ̀ á sì dùn ní gbogbo ọjọ́ náà.

Ẹ̀gbà kejì dé kó tó pé ọdún. Ọ̀sán ni. Mo bá a lórí ẹní, ojú rẹ̀ dì, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo pe oríkì náà sí i létí. Ó dáhùn, ohùn náà kéré. Mo tún pè é, ó dáhùn. Mo ń pè é nìṣó títí Àǹtí fi gbé ọwọ́ lé mi léjìká, tó ní ẹ̀gbọ́n òun ti rè ulé.

Nígbà tí a sin ín tán, àwọn àgbà ilé bàbá mi yí mi ká nínú pálọ̀ láti tù mí nínú. Bí a ti ń ṣe fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni wọ́n ṣe: èyí tó dàgbà jù nínú wọn pe oríkì mi, ó fà á gùn, àwọn yòókù sì gbè é. Kò sí ẹni tó fi pè mí rí látìgbà tí ìyá mi ti ṣubú lóko, àfi Àǹtí tó fi ń ṣeré. Mo gbọ́ ọ kedere. N kò dáhùn. Wọ́n tún pè é, wọ́n rò pé ẹkún ló dí mi létí. Mo kọjú sí àga rẹ̀, mò ń dúró kí ìyá mi dá wọn lóhùn.